NMA wo lẹ ń sọ? Àlàyé lórí ẹgbẹ́ àwọn dókítà Washington àti ohun tó wà nínú ìwé wọn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀kan nínú àwọn nǹkan táwọn èèyàn máa ń fọ́wádì láìkà á parí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1895 ni wọ́n dá NMA sílẹ̀, pé àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ló dá a sílẹ̀ torí pé àwọn òyìnbó ò gbà wọ́n sẹ́gbẹ́. Ó wá fi fóìsì nóòtù tẹ̀lé e: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé NMA tiwa tó máa ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó oṣù yìí ló ti wà láti 1895? Àti pé bí wọn ò bá gbà wọ́n sẹ́gbẹ́, ta ló wá fún wọn láṣẹ kí wọ́n máa tọ́jú èèyàn?"

Ìbéèrè méjèèjì dáa gan-an. Mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rú lójú, torí gbogbo ìgbà tí ọwọ́ bá tẹ ayédèrú dókítà kan ní Nàìjíríà ni mo máa ń rí i táwọn èèyàn ń kọ ọ́ pé "NMA dà, kí wọ́n gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ kíá", bẹ́ẹ̀ NMA ò ní láísẹ́ǹsì kankan lọ́wọ́ tó fẹ́ gbà. Ẹ jẹ́ n tú u palẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, ni màá gbé ọ̀pọ̀ nínú àlàyé náà kà, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ti lọ́ mọ́ra jù, ibẹ̀ náà sì ni ohun tó bí ọdún 1895 yẹn ti ṣẹ̀.

Kí ni ẹgbẹ́ dókítà, kí sì ni láísẹ́ǹsì?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ awakọ̀, torí kò sẹ́ni tí ò wọ dáńfó rí nínú wa. Kí èèyàn tó lè gbé ọkọ̀ sójú títì, ó gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì, ọ̀dọ̀ ìjọba ló sì ti ń gbà á. Ohun tí láísẹ́ǹsì yẹn ń sọ ò ju pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ ọkọ̀ wà. Tó bá wá dé gáréèjì, á tún bá ẹgbẹ́ onímọ́tò níbẹ̀, àwọn yẹn ní alága, wọ́n ní akọ̀wé, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń dìde fún ara wọn tí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn. Bí ẹgbẹ́ bá ní àwọn ò fẹ́ rí ẹnì kan ní gáréèjì, láísẹ́ǹsì lè wà lápò ẹ̀ o, kó má rí èrò kan ṣoṣo kó. Awakọ̀ ni, kò sẹ́ni tó lè já ìyẹn gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀ á ṣú kò ní tíì rí owó oúnjẹ.

Bí ti dókítà náà ṣe rí nìyẹn. Ní Nàìjíríà, Medical and Dental Council of Nigeria, tá a ń pè ní MDCN, ni àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti máa kọ orúkọ dókítà sílẹ̀, òun ló ń fún wọn ní nọ́ńbà fólíò, òun ló ń fún wọn ní láísẹ́ǹsì tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa sọ dọ̀tun lọ́dọọdún, òun náà ló lè gbẹ́sẹ̀ lé e tí ẹnì kan bá ṣìwà hù. NMA, ìyẹn Nigerian Medical Association, ẹgbẹ́ ni. Ó ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn dókítà, ó ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn, ó sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. NARD tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ nígbà ìyanṣẹ́lódì, ẹgbẹ́ lòun náà, tàwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́ ní àwọn ọsibítù ńlá.

NMA mélòó wá ló wà?

Méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 1951 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tá a gbòmìnira ní 1960 ló di Nigerian Medical Association. Ti Amẹ́ríkà ni National Medical Association, ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú, òun ni wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Atlanta lóṣù kọkànlá ọdún 1895, nígbà tí wọ́n ń ṣe pàtẹ ọjà ńlá kan níbẹ̀. Dókítà Robert F. Boyd láti Nashville ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Kódà orúkọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ torí àwọn oníṣègùn eyín àtàwọn apòògùn wà nínú ẹ̀, ìgbà tó yá ni wọ́n gé e kúrú sí NMA. Lẹ́tà mẹ́ta náà ló bára mu, ìtàn wọn ò pàdé níbì kankan.

Ìdí tí wọ́n fi ní láti dá tiwọn sílẹ̀ ni ká lọ wò báyìí.

Báwo ni ẹgbẹ́ Washington ṣe bẹ̀rẹ̀, agbára wo ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?

Ní 1817, àwọn dókítà mẹ́rìndínlógún kóra jọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Washington, wọ́n dá Medical Society of the District of Columbia sílẹ̀. Ìlú náà ò tíì tó nǹkan nígbà yẹn, ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé ààrẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1819, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì tún un ṣe ní 1838.

Ẹ dákun, ẹ fọkàn sí ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ dì sí. Ìwé àṣẹ yẹn ò fi mọ sí pé kí wọ́n máa ṣèpàdé. Ó gbé agbára láísẹ́ǹsì lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú. Àwọn ni wọ́n ń yẹ èèyàn wò, àwọn ni wọ́n ń fún un níwèé pé ó lè ṣiṣẹ́ dókítà ní Washington. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹgbẹ́ onímọ́tò gáréèjì kan náà ni ìjọba ní kó máa tẹ láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ fún gbogbo ìlú. Ilẹ̀kùn méjì, agbo èèyàn kan ṣoṣo ló mú kọ́kọ́rọ́ méjèèjì dání. Ìgbà tó di 1896 ni wọ́n tó gba iṣẹ́ láísẹ́ǹsì kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́, tí wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tí òfin yàn.

Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kò sí wàhálà nínú ẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yẹn jọra wọn. Ogun abẹ́lé wá jà, oko ẹrú dópin níbẹ̀, àwọn dókítà dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Àwọn wo ni wọ́n kan ilẹ̀kùn ní 1869?

Ẹni tí màá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni Alexander Augusta, mo sì máa pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ torí ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú Norfolk ní Virginia ni wọ́n bí i sí ní 1825, ọmọ tí kì í ṣe ẹrú ni. Ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn torí àwọ̀ ara ẹ̀, ó bá kọjá sí Kánádà, ó sì gboyè ní Toronto. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ó padà wá, ó ní òun fẹ́ tọ́jú àwọn sójà dúdú. Ní 1863 wọ́n gbà á sí iṣẹ́ ológun ní ipò Major, òun ni dókítà dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fún nírú ipò bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà funfun tí wọ́n fi sábẹ́ ẹ̀ kọ lẹ́tà sí ààrẹ Lincoln pé àwọn ò lè gbàṣẹ lẹ́nu ẹni dúdú, wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1864, ó ń lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ológun ní Washington. Òjò ń rọ̀. Ó wọ aṣọ ológun ẹ̀ pẹ̀lú àmì ipò ẹ̀ léjìká, ó dá ọkọ̀ ìgboro dúró, àwọn tí ẹṣin máa ń fà lórí irin nígbà yẹn, ó fẹ́ wọlé. Kọ̀ńdọ́ ní kó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ níta nínú òjò, pé ẹni dúdú ò gbọ́dọ̀ jókòó nínú. Augusta kọ̀, wọ́n já a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ, ó pẹ́ débẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sínú lẹ́tà. Sẹ́nétọ̀ Charles Sumner ka lẹ́tà yẹn síta nílé aṣòfin àgbà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin jáde pé ọkọ̀ kankan ní Washington ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn torí àwọ̀. Lẹ́tà kan o. Tí Augusta bá ti lọ sílé lọ́jọ́ yẹn kó gbọn òjò dànù láìkọ nǹkan kan, ta ni ìbá mọ̀?

Lẹ́yìn ogun, Yunifásítì Howard ṣí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìparí 1868, Augusta sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni níbẹ̀, òun ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ẹnì kejì ni Charles Purvis, ọmọ Philadelphia, tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà náà, òun náà ń kọ́ni ní Howard, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Freedmen's Hospital, ọsibítù tí wọ́n kọ́ fún àwọn tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú. Ẹnì kẹta ni Alpheus Tucker.

Lóṣù kẹfà ọdún 1869, wọ́n gbé orúkọ Augusta àti Purvis síwájú ẹgbẹ́, ti Tucker tẹ̀ lé e. Àwọn tí ẹgbẹ́ yàn láti yẹ̀ wọ́n wò ní wọ́n kúnjú ìwọ̀n, kò sí àléébù kankan lára wọn. Ẹgbẹ́ dìbò, ìbò ò gbé ọ̀kan nínú wọn wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ yìí kan náà kò fi láísẹ́ǹsì dù wọ́n. Ohun tó ń rú àbúrò mi lójú gan-an nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ iṣẹ́, pé wọ́n lè fi ọ̀bẹ kan ara èèyàn, pé wọ́n lè gbẹ̀bí, wọ́n wá ní kí wọ́n má ṣe bá àwọn jókòó.

Láísẹ́ǹsì ti wà lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n tún ń wá?

Mo ti gbọ́ ọ kí èèyàn sọ pé kí ni wọ́n ń bá àwọn tí ò fẹ́ wọn du ẹgbẹ́ sí. Mo lóye ohun tó ń mú èèyàn sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láyé ìgbà yẹn, ibi ìpàdé ẹgbẹ́ ni dókítà ti ń gbọ́ nǹkan tuntun. Kò sí fóònù, ìwé ìròyìn ìṣègùn ò pọ̀, ẹni tó bá rí àìsàn tí ò yé e, ìpàdé ló máa gbé e lọ. Tí aláìsàn bá le jù fún dókítà kan, ó máa ranṣẹ́ pe ẹlòmíì kí wọ́n jọ dúró tì í, kí wọ́n jọ wò ó, ẹgbẹ́ sì ní òfin lórí ẹni tí mẹ́ńbà lè bá ṣerú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí kò lè bá ṣe é. Ẹ rò ó wò ná, obìnrin kan ń rọbí, ọmọ dábùú, dókítà dúdú tó wà níbẹ̀ fẹ́ pe ọ̀gá kan tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ, ọ̀gá yẹn ń rò ó pé kí ni ẹgbẹ́ máa sọ tóun bá lọ. Ta nìyà ń jẹ?

Ó tún wá le sí i nígbà tó yá. American Medical Association, AMA, ẹgbẹ́ àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847, inú ẹgbẹ́ agbègbè lèèyàn ti ń gbà wọ inú ẹ̀. Tí ẹgbẹ́ agbègbè ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ, tòkè ti tì nìyẹn. Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ ọsibítù, pàápàá lápá gúúsù, ní àfi mẹ́ńbà ẹgbẹ́ agbègbè ló lè mú aláìsàn wá síbẹ̀ kó sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Dókítà dúdú á tọ́jú aláìsàn ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, lọ́jọ́ tó bá wá ní kí wọ́n lọ la inú ẹ̀, á ní láti fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ lẹ́nu géètì.

Ṣé ìjọba ò dá sí i ni?

Wọ́n gbìyànjú. Sumner tún dìde, lóṣù kejìlá ọdún 1869 ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé aṣòfin àgbà, kò pẹ́ sígbà náà ni àbá òfin jáde pé kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ náà padà. Ìgbìmọ̀ ilé ṣèwádìí, wọ́n gbé ìròyìn jáde lóṣù kejì ọdún 1870. Àbá òfin náà ò di òfin.

Lóṣù kìíní ọdún 1870 yẹn kan náà, àwọn dókítà dúdú àtàwọn dókítà funfun tí ọ̀rọ̀ náà dùn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, National Medical Society, ẹgbẹ́ tẹ́nikẹ́ni lè wọ̀ tó bá ti jẹ́ dókítà gidi. (Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti 1895 o, èyí ti ṣáájú ẹ̀ tipẹ́.) Lóṣù karùn-ún, AMA wá ṣe ìpàdé ọdún wọn ní Washington níbẹ̀. Ẹgbẹ́ méjèèjì rán aṣojú wá. AMA gba aṣojú ẹgbẹ́ àtijọ́, wọ́n lé ti ẹgbẹ́ tuntun, títí kan àwọn funfun tó wà nínú wọn. Ní 1874, AMA tún ṣòfin tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa sọ irú ẹgbẹ́ agbègbè tí wọ́n máa kà sí, bí àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù ṣe rí àyè ti ilẹ̀kùn pa nìyẹn.

Àwọn dókítà dúdú Washington ò káwọ́ gbera. Ní 1884 wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíì sílẹ̀, Medico-Chirurgical Society, dúdú àti funfun ló wà nínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ti orílẹ̀-èdè, ìyẹn NMA inú fọ́wádì àbúrò mi, wá dé ní 1895.

Ó yẹ kí n fi kún un pé kì í ṣe ibi gbogbo ló rí báyìí. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà Massachusetts ti gba John DeGrasse, dókítà dúdú, wọlé láti 1854, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìbò Washington. Nítorí náà ẹni tó bá sọ pé ayé ìgbà yẹn ló rí bẹ́ẹ̀, pé wọn ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, irọ́ ni. Wọ́n mọ̀.

Kí ni ìwé ẹgbẹ́ sọ, kí ni kò sọ?

Báwo la ṣe wá mọ gbogbo èyí? Ẹgbẹ́ dókítà fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé mẹ́ńbà, wọ́n ní ìwé láísẹ́ǹsì, wọ́n ní mínìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n sọ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ Washington tiẹ̀ tẹ ìwé ìtàn ara ẹ̀ jáde ní 1909, ìwé ńlá, orúkọ àti déètì kún inú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ ronú nípa ìwé alájọ. Tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé alájọ, ẹ máa rí orúkọ gbogbo ẹni tó ń dá, iye tó dá, àti ọjọ́ tó kó. Ẹ ò ní rí orúkọ ìyá tó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú òun mọ́ wọn tí wọ́n lé padà. Kò sí òpó kankan fún un nínú ìwé náà. Ẹni tó bá wá ka ìwé yẹn lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún lè sọ pé ìyá yẹn ò fẹ́ dá àjọ, tàbí pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò. Ìwé mẹ́ńbà ẹgbẹ́ dókítà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Tẹ́ ẹ bá wo ti Washington fún 1870, ẹ máa rò pé kò sí dókítà dúdú kankan ní ìlú náà, nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì, tí láísẹ́ǹsì ẹgbẹ́ náà gan-an wà lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó tún le ju kí wọ́n má kọ nǹkan lọ ni kí wọ́n kọ ọ́ gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ní ìpàdé AMA ti 1870 tí mo sọ yẹn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ọ̀rọ̀ àwọ̀ ò sí nínú ìdí tí àwọn fi lé aṣojú ẹgbẹ́ tuntun. Wọ́n ní ohun táwọn rí ni pé wọ́n lọ gbógun ti ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ba á jẹ́. Ẹni tó bá ka ojú ìwé yẹn nìkan á dìde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú pé ọ̀rọ̀ ìwà lásán ni. Àfi kó lọ mú ìròyìn ilé aṣòfin àgbà, kó mú ẹ̀bẹ̀ tí ẹgbẹ́ tuntun kọ sí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, kó tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìgbà yẹn ló máa tó bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n fi ní láti lọ bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀rẹ̀, ìdáhùn sì máa gbé e padà sí ìbò ti oṣù kẹfà ọdún 1869. Àwọn òpìtàn ò rí òótọ́ yìí nínú ìwé kan ṣoṣo, àárín ìwé sí ìwé ni wọ́n ti ṣà á jọ.

Kí ni "col." tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kan?

Láti 1906, AMA bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ńlá kan tó kó orúkọ gbogbo dókítà Amẹ́ríkà jọ: ìlú tó ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ tó lọ, ọdún tó gba láísẹ́ǹsì. Tí dókítà náà bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n á fi "col." sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré ni, nínú lẹ́tà wínníwínní, àmọ́ ilé ìfowópamọ́ tó fẹ́ yáni lówó, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, ọsibítù tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́, gbogbo wọn ló lè ṣí ìwé yẹn. Kò parẹ́ níbẹ̀ títí di 1939.

Lónìí, lẹ́tà mẹ́ta yẹn kan náà làwọn òpìtàn àtàwọn ọmọ-ọmọ àwọn dókítà yẹn fi ń wá wọn rí. Ó máa ń ká mi lára nígbà tí mo bá rò ó, pé ohun tí wọ́n fi ya èèyàn sọ́tọ̀ ló wá di ohun tá a fi mọ̀ pé ó wà rí.

Ṣé irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa?

Ó ṣẹlẹ̀, ìjọba amúnisìn gan-an ló sì ṣe é. Kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí la ti ní àwọn dókítà tiwa ní Èkó. Obadiah Johnson wà níbẹ̀, àbúrò Samuel Johnson, òun sì ni nígbà tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tó jókòó tún un tò látinú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀. John Randle wà níbẹ̀. Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown, wà níbẹ̀, òun ló wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná kó lè mọ bí ìgbóná ṣe ń ràn.

Ní 1902, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì da iṣẹ́ dókítà gbogbo àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pọ̀, wọ́n pè é ní West African Medical Staff. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀ pé ẹni tí òbí ẹ̀ jẹ́ ará Yúróòpù ló lè wọ̀ ọ́. Àwọn dókítà dúdú tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n kọ orúkọ wọn sí ìwé lọ́tọ̀, owó oṣù wọn sì kéré sí ti òyìnbó tí wọ́n jọ kàwé ní Edinburgh. Ìwé méjì nìyẹn náà. Bẹ́ ẹ bá ń wá Sapara nínú ìwé àkọ́kọ́, ẹ ò ní rí i.

Ìgbà wo ni ilẹ̀kùn Washington ṣí?

1952. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ Washington gba dókítà dúdú wọlé, ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin lẹ́yìn tí Augusta kan ilẹ̀kùn. AMA ní tiẹ̀ pẹ́ títí di 1968 kí wọ́n tó fún ara wọn lágbára láti lé ẹgbẹ́ agbègbè tó bá ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ dànù. Ní 2005, àwọn òpìtàn àtàwọn dókítà kan bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn ìwé wọ̀nyí wò láti mọ bí gbogbo ẹ̀ ṣe lọ, lóṣù keje ọdún 2008 AMA bọ́ síta, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn dókítà dúdú. Ẹ wò ó, àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ fọwọ́ ara wọn kọ wà lára ohun tó gbé ẹjọ́ náà dé ibẹ̀.

Tí mo bá ń wá orúkọ dókítà kan ńkọ́?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín ní Nàìjíríà lónìí jẹ́ dókítà gidi, MDCN ni kẹ́ ẹ bi, ẹ béèrè nọ́ńbà fólíò ẹ̀ àti láísẹ́ǹsì ọdún tá a wà yìí. Káàdì ẹgbẹ́ kankan ò lè dípò ìyẹn.

Tó bá jẹ́ baba ńlá yín tó ṣe dókítà lẹ́yìn òdì lẹ ń wá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ìwé mẹ́ńbà. Ẹ kọ́kọ́ wá ilé ẹ̀kọ́ tó ti gboyè, lẹ́yìn náà ìwé láísẹ́ǹsì ìlú tó ti ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ìwé ọsibítù tàbí ti iṣẹ́ ológun, lẹ́yìn náà ìwé ìròyìn àtijọ́ nígbà tó kú. Ìwé mẹ́ńbà ni kẹ́ ẹ ṣí gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ ò bá sì rí i níbẹ̀, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíì tó wà ní ìlú náà lásìkò yẹn, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n lé e ní ti àkọ́kọ́ ló ṣe lọ bá wọn dá ìkejì sílẹ̀.

Ohun tí mo ṣe fún àbúrò mi náà nìyẹn. Mo ní kó wá Augusta. Ó rí i ní Toronto, ó rí i nínú ìwé ológun, ó rí i ní Howard, ó sì rí ibi tí wọ́n sin ín sí ní ìparí ọdún 1890, itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington, lódìkejì odò sí Washington. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ló tún fi fóìsì nóòtù mìíì ránṣẹ́ pé òun ti fẹ́ máa wá Purvis báyìí.